Ìgbànú Pupa Ọdún Ajá

Ọwọ́ kan funfun, ọwọ́ kan dúdú: bí ọkùnrin náà ṣe dé iwájú àtẹ Suyun nìyẹn, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún tuntun wọlé, tí yìnyín ń bọ́ wẹ́wẹ́ sórí gbogbo ọjà. Láti orí dé ẹsẹ̀, èédú ni. Irun rẹ̀, etí rẹ̀, ọrùn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ tónítóní dé ọrùn ọwọ́, omi tútù tó fi fọ̀ ọ́ ti mú un pọ́n, ó sì gbé e kúrò lára bí ẹni tó di ẹyin mú.

Suyun kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ kò pé. Ìgbà tó na ọwọ́ mímọ́ náà sí àwọn ìgbànú pupa tó so rọ̀, tó sì fi orí ìka kan ṣoṣo kan ọ̀kan nínú wọn, ló tó yé e. Ọkùnrin yìí fọ ọwọ́ kan kí ó má baà ba ọjà ọlọ́jà jẹ́.

“Ẹ kú ọjà o. Èló ni ìgbànú yìí?”

“Yuan méjì. Ta lẹ fẹ́ rà á fún?”

“Ìyá mi. Ọdún Ajá ni wọ́n bí wọn, ọdún wọn ló ń bọ̀ yìí.”

Ní ìlú èédú yẹn, níbi tí ọdún méjìlá ti ń jẹ́ orúkọ ẹranko méjìlá ní ìtẹ̀léra, ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀ pé bí ọdún bá yí padà kan ẹranko tí wọ́n bí ènìyàn sí, ọdún eléwu ni fún olúwarẹ̀. Ibi á máa wá a kiri, àwọ̀ pupa ló sì ń lé e sẹ́yìn. Suyun já ìgbànú kan, ó ń ká a.

“Ẹ fún mi ní méjì.”

“Ṣé ìbàdí méjì ni ìyá yín ní ni?”

Eyín ọkùnrin náà yọ funfun láàárín èédú. “Ìkejì, tèmi ni. Ajá lèmi náà.”

Suyun dá ọwọ́ dúró. “Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ ra tiyín? A kì í rà á fún ara ẹni, ẹ̀gbọ́n. Ènìyàn ẹni ló ń rà á fún ni. Èyí tí ẹ bá fọwọ́ ara yín rà, okùn lásán ni.”

“Mo mọ̀.”

“Ìyàwó yín ńkọ́?”

“Kò sí.”

“Àbúrò? Àǹtí kan níbì kan?”

“Ìyá mi nìkan ni, wọn kì í sì í rántí àná mọ́, áńbọ̀sì ẹranko tí wọ́n bí mi sí.”

Kò fi wá àánú. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé yìnyín ń bọ́. Suyun ì bá gba owó, kí ó fún un ní okùn rẹ̀, kí oníkálukú máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. “Ẹ má bínú, mi ò lè tà á fún yín.”

Ọkùnrin náà mi orí, ó dúpẹ́, ó ki ìgbànú kan ṣoṣo náà bọ àyà, ó lọ. Ipasẹ̀ rẹ̀ dúdú lórí yìnyín títí dé ẹnu ọ̀nà ọjà.

Ọmọ ọdún Dírágónì ni Suyun, ó ti pé ọgbọ̀n ọdún. Ọkùnrin kan ti fẹ́ ẹ sọ́nà rí. Ó wáṣẹ́ lọ sí gúúsù, ó sì gbé ẹlòmíràn níyàwó níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ sí i létí láràárọ̀. Obìnrin náà bẹ̀rù èèwọ̀ ju ebi lọ: kò ní gbálẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, kò ní gba iwájú ilé ọlọ́fọ̀ kọjá. Àwọn méjèèjì ló ń gbé pọ̀ nínú yàrá kan, ọ̀rọ̀ ọkọ sì ni ìkẹta wọn.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́wọ́ funfun kò kúrò lọ́kàn Suyun. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ọdún Àkùkọ máa parí kí ti Ajá wọlé, ó palẹ̀ àtẹ mọ́, ó béèrè ọ̀nà, wọ́n sì júwe ilé iná fún un. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kó èédú sínú iná lábẹ́ ìkòkò irin ńlá, tí omi gbígbóná fi ń gba inú páìpù lọ sí gbogbo ilé àdúgbò, kí òtútù má baà pa wọ́n. Páìpù kan gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Suyun kọjá. Ó ti ń gbá a mọ́ra láti kékeré, kò sì ronú rí pé ènìyàn kan ló wà ní ìdí rẹ̀.

Ó bá a níbi tó ti ń kó èédú. Ó na ìgbànú pupa sí i.

“Ẹ gbà.”

Ọkùnrin náà kò gbà á. “Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe? Ẹni tó bá fún mi ní nǹkan yìí, ènìyàn mi nìyẹn o.”

“Èmi ni mò ń tà á, ẹ̀gbọ́n. Ṣé èmi lẹ fẹ́ wá kọ́ ni?”

Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò, wọ́n tún wá dúdú sí i. Suyun bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó gbé apá sókè, ó sì so ìgbànú náà mọ́ ọn nídìí fúnra rẹ̀.

“Kí lorúkọ yín?”

“Shuanzhu.”

A-so-ó-mọ́lẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ ọmọ tí wọn ò fẹ́ kó kú ni, bí àwa náà ṣe ń sọ ọmọ ní Dúrósinmí.

Ohùn arúgbó kan jáde láti yàrá inú. “Huan! Ibo lo lọ látàárọ̀? Ṣé o fẹ́ kí òtútù pa ọ́ ni?”

Suyun wo Shuanzhu. Ojú ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́. Kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Huan, ṣùgbọ́n ó dáhùn.

“Mo ti dé, Ìyá.”

Ìgbà tó ń sìn ín lọ ni Shuanzhu sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ní ọdún ìyàn ńlá, ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin sẹ́yìn, bàbá tó ń dáná nílé yìí nígbà náà, Bàbá Zhai, rí ọmọ ọdún méjì kan nínú eérú gbígbóná lẹ́yìn ilé. Wọn kò mọ ẹni tó jù ú síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Zhai, arúgbó inú yàrá yẹn, ti ní ọmọbìnrin kan, Huan, ọmọ ọdún márùn-ún. Àwo ẹ̀kọ jéró kan ló ń wọ ilé náà lójúmọ́ fún àwọn ọmọ. Ìyá Zhai bẹ̀rẹ̀ sí í pín in sí méjì. Kí òtútù tó lọ, Huan ti kú.

“Ìdajì tó kù, inú mi ló wà,” ni Shuanzhu wí. “Wọn ò fi bá mi wí rí, kódà lọ́jọ́ kan.”

Suyun sunkún dé ilé.

Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ṣe gba ibi eérú wọlé. Lẹ́yìn ọdún, kò sí ọjọ́ tí Suyun kì í yà sílé iná bó bá ń ti ọjà bọ̀. Shuanzhu á ti ri ànàmọ́ mọ́ inú eérú dè é, yóò bó o fún un, yóò sì máa fẹ́ ẹ kó tó fà á lé e lọ́wọ́. Suyun á rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù rẹ̀, á ya irun Ìyá Zhai, á sì máa jẹ́ Huan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, kò sí “ẹ” láàárín wọn mọ́.

Àléébù ọkùnrin náà kan ṣoṣo ni pé kò mọ irọ́ í pa. Suyun lọ dá irun rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wá yí ojú sí i.

“Báwo ló ṣe rí?”

“Kò bá ọ mu.”

“Háà! Ẹnu ajá kò kúkú lè tu eyín erin jáde.”

“Ojú rẹ ló dára,” ó ní, ó ń kó èédú lọ. “Mi ò fẹ́ kí irun kan wá bò ó.”

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í tán lára rẹ̀, ìwà Ajá nìyẹn náà. Bí inú Suyun bá dùn, òun á máa wo ojú sánmà. Bí Suyun bá ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, á ní, “Jẹ́ kí ọdún yìí kọjá ná.” Ó ti fi ojú rí i pé bí oúnjẹ ẹnìkan bá pọ̀, ti ẹlòmíràn ló dín.

Nígbà tí ìyá Suyun gbọ́, ó káwọ́ lérí. “Eléèédú lásán! Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mú un wá kí n rí i.”

Shuanzhu wá lọ́jọ́ àjọ̀dún òṣùpá, pẹ̀lú ìgò ọtí méjì àti àkàrà àjọ̀dún. Lọ́jọ́ yìí, ọwọ́ méjèèjì ló fọ̀, ó fọ ọrùn kún un.

“Ọdún wo ni wọ́n bí ọ?”

“Ọdún Ajá, Ìyá.”

“Dírágónì ni ọmọ mi. Ajá àti Dírágónì kì í gbé abẹ́ òrùlé kan. Ajá ò mọ̀nà owó. Ajá a máa gbó kí olè tó dé. Ilé onílé ló ń ṣọ́ tí tirẹ̀ á fi wó. Àbí irọ́ ni mo pa?”

“Rárá o, Ìyá. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Suyun. Ìyá rẹ̀ pàápàá rọ̀ díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti gbà fún un báyẹn. Ó bu tíì fún àlejò.

“Ó dáa. Mo lè gbójú fo ti ẹranko. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ìyá arúgbó ọ̀dọ̀ rẹ, òun kọ́ ló bí ọ. Ilé àwọn arúgbó wà lódìkejì odò, ìjọba ń bọ́ wọn níbẹ̀. Mú un lọ, kí ẹ ṣègbéyàwó tí ọdún Ẹlẹ́dẹ̀ tó tẹ̀lé èyí bá wọlé. Ọmọ mi ò ní lọ máa ṣan ìdí ìyá tí kì í ṣe ìyá ẹnì kankan.”

“Rárá,” ni Shuanzhu wí.

Kò wúkọ́, kò họrí, kò sì wo ojú Suyun. Ìyá náà gbé tíì rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀.

Suyun lé e bá níta. “O ò tiẹ̀ lè ṣe bí ẹni tó ń ronú! Èmi ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí, o ò tiẹ̀ wò mí!”

“Bí mo bá wò ọ́, mi ò ní lè sọ ọ́.”

“O lè ní kí wọ́n fún ọ láyè. Ọ̀sẹ̀ kan péré!”

“Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ‘rárá’ náà ni. Wàá kàn ti fi ọ̀sẹ̀ kan retí lásán ni.”

“Ó dáa. Máa ṣọ́ ilé rẹ lọ, Ajá!”

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Suyun kí ó tó jáde tán lẹ́nu rẹ̀. Shuanzhu fọwọ́ kan ìgbànú pupa tó wà nídìí rẹ̀, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, Suyun ń gba ọ̀nà mìíràn ti ọjà délé.

Ìyá rẹ̀ kò fàkókò ṣòfò. Fang tó ń ta bẹ́ẹ̀dì àti àga, tí ìyàwó rẹ̀ kú, ọmọ ọdún Eku ni, Eku àti Dírágónì sì bára mu bí ọbẹ̀ àti iyọ̀. Fang kó aṣọ wá, ó kó ẹ̀rọ ìránṣọ wá. Suyun kò ní òun fẹ́, kò sì ní òun kò fẹ́. Ìyá bá mú ọjọ́ sí oṣù kejì ọdún Ẹlẹ́dẹ̀.

Òtútù dé, wọ́n dáná sí omi. Ní gbogbo ìdájí, Suyun á gbọ́ kò-kò-kò nínú páìpù ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná díẹ̀díẹ̀. Á na ọwọ́ sí i. Kò sí ìdájí kan tí iná náà pẹ́. Ọkùnrin tí òun pè ní Ajá ń dáná fún òun láìsọ̀rọ̀, bó ṣe ń dáná fún gbogbo ayé, òun sì ń lọ sílé Fang. Ó máa ń yí ojú sí ògiri kí ìyá rẹ̀ má baà rí omijé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí oṣù tó kẹ́yìn ọdún Ajá ti dé àárín, Suyun na ọwọ́ sí páìpù, ó tutù bí òkúta. Ó dìde jókòó. Shuanzhu kì í fi iná sílẹ̀. Bí ilé bá ń wó, kò ní fi iná sílẹ̀. Ó ń wá bàtà nígbà tó rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ funfun.

“Mo lọ bá a lánàá,” ni ìyá rẹ̀ wí.

“Ta ni?”

“Ìyá arúgbó yẹn. Mo ti ń rí bí o ṣe ń gbẹ. Mo ní bóyá bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà láti lọ... Ohùn pẹ̀lẹ́ ni mo fi bá a sọ ọ́. Mo ní òun ló dí ọmọ náà lọ́nà. Ó ní kí n júwe ilé àwọn arúgbó fún òun. Mo júwe rẹ̀.”

Suyun kò dúró mú ìborùn. Ọ̀nà odò ló gbà lọ tààrà, ó ń sáré, ó ń ṣubú. Lórí afárá ló ti rí i. Ìyá Zhai jókòó lé ẹrù rẹ̀, yìnyín ti kún èjìká rẹ̀, ìgbànú pupa rẹ̀ yọ lábẹ́ ẹ̀wù. Ẹrù náà kò ju àwo oúnjẹ kan, igi ìjẹun méjì àti aṣọ kan lọ.

“Huan,” ni arúgbó náà wí, “ọ̀nà yìí mà jìn o.”

“Ẹ jẹ́ ká padà sílé, Ìyá.” Suyun pọ̀n ọ́n. Kò wúwo ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ.

Wọ́n pàdé Shuanzhu níbi tí ọ̀nà ti yà. Ó ti wá gbogbo itẹ́ òkú, nítorí ibẹ̀ ni Bàbá Zhai àti Huan wà. Ó rí wọn, ó sì sáré wá. Ó gba ìyá rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, Suyun sì ń ti arúgbó náà lẹ́yìn títí wọ́n fi délé.

Òtútù ti wọ arúgbó náà láyà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi jà. Dókítà wá, ó fún un lábẹ́rẹ́, ó mi orí. Suyun kò lọ sọ́jà, kò lọ sílé. Ó ní kí wọ́n kó ẹ̀rọ ìránṣọ Fang padà fún un. Òun àti Shuanzhu ń pín ìṣọ́, bí ọ̀kan bá ń kó èédú, èkejì á di ọwọ́ arúgbó náà mú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án, Ìyá Zhai la ojú, ó wo Suyun dáadáa.

“Huan. Oúnjẹ rẹ ni mo bù fún un.”

Ṣọ́bìrì dákẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Ó kéré ni. Ó ń sunkún,” ni arúgbó náà wí. “Mo rò pé yóò tó ẹ̀yin méjèèjì. Má bínú sí mi.”

Suyun tẹ ojú mọ́ ọwọ́ gbígbẹ náà. “Mi ò bínú, Ìyá. Mo ti yó. Ó tó wa.”

“O yó?”

“Mo yó bámúbámú.”

Arúgbó náà mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógójì kan ń sunkún bí ọmọ ọdún méjì.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ọdún Ajá parí nígbà tí wọ́n gbé pósí sílẹ̀ níwájú ilé iná. Gbogbo àdúgbò wá, nítorí ta ni kò yá iná ilé náà rí? Bàbá àgbà kan ló ń pín aṣọ ọ̀fọ̀: ọ̀já kékeré fún aládùúgbò, aṣọ funfun gígùn tó balẹ̀ fún ọmọ àti ìyàwó ọmọ. Shuanzhu ti wọ ti ọmọ. Ọlọ́fọ̀ kì í lo pupa, nítorí náà ó ti tú ìgbànú rẹ̀, ó fi okùn koríko dì í dípò.

“Ọdún rẹ̀ ò tíì parí, ó ti tú u,” ni ẹnìkan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Wọn ò sì bí i nílé yìí o.”

Ó kan Suyun. Bàbá àgbà mú ọ̀já kékeré dání. “Kí lo jẹ́ sí olóògbé, ọmọ mi?”

“Ìyàwó ọmọ wọn ni mí.”

Shuanzhu tó kúnlẹ̀ gbé orí sókè. Lójú pósí ìyá rẹ̀ pàápàá, kò lè jẹ́ kí irọ́ kọjá.

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Suyun, má ṣe é. Ọdún mẹ́ta ni mo máa fi ṣọ̀fọ̀ wọn. Kò ní sí ìgbéyàwó, kò ní sí aṣọ pupa. Lọ ronú sí i ná.”

“Lọ́jọ́ tí ìyá mi bi ọ́ léèrè, ṣé o ronú?”

Ó mi orí pé rárá.

“Èmi náà ò ronú. Ìwọ lo sọ fún mi pé ẹni tó bá fún ọ ní ìgbànú yẹn, ènìyàn rẹ ni. O ti tú u, ṣùgbọ́n èmi ni mo fún ọ. Kò sí aṣọ ìyàwó mìíràn tí mò ń dúró dè, Shuanzhu. Èyí ni mo fẹ́ wọ̀.”

Ìgbà náà ni àwọn ènìyàn yà sọ́tùn-ún sósì, tí wọ́n rí ìyá Suyun lẹ́yìn. Gbogbo wọn mọ obìnrin náà. Ẹni tó bá wọ aṣọ ọ̀fọ̀ òkú tí kì í ṣe tirẹ̀, ikú ló pè wá sílé ara rẹ̀, ìyá rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ kàn. Bàbá àgbà gbé aṣọ gígùn náà sókè, kò fún Suyun, ó ń wo ìyá náà.

Ìyá Suyun bọ́ síwájú.

“Kí lẹ ń wò mí sí?” ó ní. “Ẹ fún un ní èyí tó gùn. Ìyàwó ọmọ ni.”

Ó wá kúnlẹ̀ síwájú pósí, ó fi orí kanlẹ̀, ó ń bá olóògbé sọ̀rọ̀ kan tí ẹnì kankan kò gbọ́. Kò dìde títí tùràrí fi jó tán. Suyun wọ aṣọ funfun náà, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Shuanzhu, ọkùnrin náà sì sún okùn koríko tirẹ̀ fún un, kí ó lè já nínú rẹ̀ fi di ìbàdí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún Ẹlẹ́dẹ̀, ìwé pupa wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé, àfi ilé iná. Kò sẹ́ni tó ń kí ọlọ́fọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Síbẹ̀, ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Ìyá Suyun ni, yìnyín lórí rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà tí kò ní pupa náà fún ìgbà pípẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó wọlé.

Ẹ̀kọ jéró wà lórí iná. Shuanzhu ń kó èédú, páìpù ń dún kò-kò-kò lọ sí ilé àwọn ènìyàn. Suyun gbé àwo mẹ́ta kalẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí Ìyá Zhai gbé dé orí afárá. Ó bu ẹ̀kọ sí wọn, ó wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tún bu díẹ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́, títí tí ti ẹnì kankan kò fi dín.